Sípíkà ò pariwo, ó ń kùn: ẹ jẹ́ ká fi "ariwo iná" sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń gbé Bódìjà ti bèèrè pé kí ni Yorùbá ń pe ìró tó máa ń jáde lára sípíkà nígbà tí kò sí orin tó ń lọ. Ó ní òun kó ohun èlò ìgbohùnsílẹ̀ sínú yàrá òun, òun ra sípíkà méjì, ṣùgbọ́n bí òun bá ti tàn wọ́n báyìí, "hùùùn" ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Jámánì fi dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n rọ ni "ariwo iná". Wọ́n ní àwọn ti fi í sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ń kọ, kí gbogbo wa máa lò ó. Ọ̀pọ̀ yín sì ti kí wọn kú iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti ń kọ̀wé síbí kí èmi tó dé, ẹ sì mọ gírámà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rédíò ni mo kọ́, láti 1984 ni mo ti ń fi í jẹun, n ò lè dákẹ́ lórí èyí. "Ariwo iná" ò dára, mo sì ti rí ẹni tó kó sí wàhálà nítorí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọmọ Ìbàdàn máa gbọ́ bí ẹ bá ní "ariwo iná". Bí iná bá lọ láti àárọ̀, tó wá dé lójijì lálẹ́, gbogbo ọmọdé láti Bẹẹrẹ dé Òkè-Àdó á figbe ta: "Up NEPA!" Ariwo iná nìyẹn. Bí ilé bá sì ń jó, tí wọ́n ń ké "Iná o! Iná o!", òun náà ni. Ariwo a máa ní ẹnu tó pa á. Mo mọ̀ pé a ń sọ pé jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, mi ò jiyàn ìyẹn, torí jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ kí ará ilé kejì sùn. Èyí tó wà lára sípíkà yìí ńkọ́? Ẹ ní láti pa fáànù, kí ẹ ti fèrèsé, kí ẹ tó gbọ́ ọ dáadáa. Kí ló wá pa á pọ̀ mọ́ ariwo?

Oyin ń kùn. Ẹ̀fọn ń kùn létí ẹni lóru. Ebi ń pani, inú ń kùn. Ẹni tí inú ń bí tí kò lè sọ ọ́ síta ń kùn sínú, òun la fi ní ìkùnsínú. Gbogbo wọn ló rẹlẹ̀, tí wọn kì í dáwọ́ dúró, tí èèyàn kì í sì í rí ẹnu tó ti ń jáde. Ìró sípíkà náà gan-an nìyí. Ìkùn ni.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ti di olóògbé báyìí. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà. Bí oníbàárà bá gbé ẹ̀rọ dé tó ní "Bàbá, ó ń pariwo", wọn kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n á gbé ojú sókè, wọ́n á ní: "Ó ń kùn ni, ó ń hó ni, ó ń ta ni, àbí ó ń han?" Oníbàárà tí kò bá lè dáhùn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á tan ẹ̀rọ fún un, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ràn èdè ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ìbéèrè yẹn ti ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Ohun tó ń hó, tó ń ṣe ṣààà bí òjò lórí páànù, ìlẹ̀kùn ohùn (bọ́tìnnì tí wọ́n ń pè ní "gain") ni wọ́n ṣí jù níbẹ̀rẹ̀: ohùn tó wọlé ò lágbára, wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ gbé e ní tipátipá. Ohun tó ń ta bí gúgúrú, ojú ìso kan ti tú, tàbí eruku ti wọ inú bọ́tìnnì tí a fi ń dín ohùn kù. Ohun tó ń han, tó ń ké tín-ín-rín lókè, ẹ lọ wo ṣájà àti ínfátà.

Ohun tó bá ń kùn, inú iná fúnra rẹ̀ ló ti wá, àmọ́ ọ̀nà tó gbà wọlé ni iṣẹ́. Iná tó ń wọ ilé wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ bá ti ń yí i padà kó lè máa gba ojú kan lọ, ìgbà 100 ni ìkùn tó kù sínú rẹ̀ ń dún. Kapásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ, ló yẹ kó gbé ìyẹn mì. Bó bá ti gbẹ, ìkùn á jáde. Ní Amẹ́ríkà, 60 ni tiwọn, ìkùn wọn ga díẹ̀ ju tiwa lọ. Ní Jámánì, 50 ni bíi tiwa. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fi etí ti sípíkà yín lọ́hùn-ún lálẹ́ òní, ohùn tí à ń gbọ́ ní Mọ́kọ́lá lẹ ó gbọ́.

Ẹ tún gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kùn: dò. Ìkùn: dò dò. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni, ibi tí ìró yẹn ń gbé. Ariwo: re re re, ó wà láàárín, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pe oyin pé ó ń kùn ti fi etí sílẹ̀ dáadáa.

Ibí ni mo fẹ́ bá àbúrò mi kan tó wà ní Ṣakí wí. Òun náà fara mọ́ kùn bíi tèmi, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n "ìkún iná" ló kọ. Àbúrò, ìkún ni ti omi. Àwa ará Ìbàdàn mọ ìkún omi, a rí ti Ògùnpa ní 1980, a ò tíì gbàgbé. Iná ò kún inú sípíkà. Àmì kan ṣoṣo lo ṣì, o sì ti bá wa gbé odò wọlé. Ẹlòmíràn kọ "ikun ina" láìfi àmì kankan sí i, ẹ̀gbọ́n wá fi í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé lò: wọ́n ní ta ni yóò mọ̀ bóyá ikùn tí oúnjẹ ń wọ̀ ni, tàbí ikún tó ń jọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rèdí, tàbí ikun imú? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bi ẹni tí kò fi àmì sí i nìyẹn. Bí a bá máa ju ọ̀rọ̀ nù nítorí pé ọ̀lẹ ò fi àmì sí i, mélòó ni yóò ṣẹ́ kù fún wa? Ẹ ò lè ju ọkọ́ nù nítorí ọkọ. Àmì ohùn ti wà lórí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá wa kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sórí ìwé.

Ẹ tún ní bó bá jẹ́ dandan ká lo kùn, ẹ fara mọ́ "kíkùn", kó má baà ṣe bí ikùn. Mo gbà pé ó jẹ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n rírìn yàtọ̀ sí ìrìn. Rírìn ni ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Ìrìn ni a lè dá mọ̀, tí a ó ní "ìrìn Lágbájá nìyẹn". Oníṣẹ́ ẹ̀rọ nílò ohun tó lè nawọ́ sí: ìkùn yìí ń bọ̀ láti ara ṣájà, ìkùn ti òní kéré sí ti àná. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú kíkùn, ẹ ó rí i pé ó ń fà.

Ẹni tó kó sí wàhálà yẹn ni àbúrò wa ní Bódìjà gan-an, ó sì ti gbà kí n sọ ọ́. Nígbà tó ka "ariwo iná" níbí, ó gbà pé iná àdúgbò ló ń ṣe é, torí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ nìyẹn. Ó lọ ra sìtébíláísà tuntun. Owó lọ, hùùùn ò lọ. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo kọjá síbẹ̀. Mo ní kó tan gbogbo rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ṣájà kọ̀ǹpútà wà lára ògiri ọ̀tún, lórí ínfátà. Sípíkà méjèèjì wà lára ògiri òsì. Mo fa ṣájà kọ̀ǹpútà yọ, kó máa lo bátìrì tirẹ̀. Gbogbo yàrá dákẹ́ lọ́ọ́lọ́ọ́. Ọmọ náà wò mí bí ẹni tó rí iwin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọ̀nà méjì sílẹ̀. Sípíkà ní wáyà ilẹ̀ tirẹ̀ ("earth", èyí tó ń gba ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì lọ sínú ilẹ̀) lára ògiri òsì, kọ̀ǹpútà gba ara ṣájà ní tirẹ̀ lára ògiri ọ̀tún, wáyà tó ń gbé orin wá so àwọn méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ méjèèjì ò bára dọ́gba, díẹ̀ nínú iná bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara wáyà orin kọjá láti ọ̀kan sí èkejì, ìyẹn ni sípíkà ń gbé síta. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀kìtẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo, ìkùn dín kù gan-an. Mo wo orí wáyà orin náà: òrùka dúdú kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní kó lọ ra èyí tó ní méjì. Nínú wáyà olórùka méjì, okùn méjì ló ń gbé orin kan náà, ọ̀kan kọjú, ọ̀kan kẹ̀yìn. Ìkùn tó bá wọ̀ wọ́n lójú ọ̀nà ń wọ àwọn méjèèjì bákan náà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ìkùn á pa ara rẹ̀ rẹ́, orin á sì kù. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ihò tó wà lára ẹ̀rọ méjèèjì fún un o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó tún lọ. Ti àbúrò wa gbà á, láti ọjọ́ Ajé ló ti ń ṣiṣẹ́.

Kí n tó gbàgbé: ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé kí a kàn gé ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì dànù. Lóòótọ́, ìkùn á lọ. Mo bẹ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wáyà iná bá tú nínú ẹ̀rọ tó kan irin ara rẹ̀, ẹsẹ̀ kẹta yẹn ló ń gbé iná lọ sílẹ̀ kí fíúsì lè já. Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni iná máa gbà.

Ní ti orúkọ wáyà ilẹ̀ yìí, mi ò fẹ́ dá sí ìjà tó wà láàárín Màmá wa olùkọ́ àti ọmọ Ṣakí, ṣùgbọ́n ó ti kàn mí. Ọmọ náà pè é ní "amulẹ̀". Màmá ní ìmulẹ̀ ni a fi ń dá májẹ̀mú, pé a kì í fi ohun tí àwọn àgbà ń búra lé lórí ṣeré. Màmá jàre. Àmọ́ ohun tí ọmọ náà ní lọ́kàn ni "fẹsẹ̀ múlẹ̀", mú tó ní àmì òkè: amúlẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì tó máa pàdánù àmì kan ṣoṣo nìyí, ó yẹ kó jókòó ti àmì. Màmá ti kọ̀wé sí mi lọ́tọ̀ pé pẹ̀lú àmì náà, àwọn ò gbà. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ní ti "àyípo ilẹ̀" tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí a máa pe ọ̀nà méjì sílẹ̀ yẹn, ó jọ ohun tí a fi ń kọ́ ọmọdé bí ayé ṣe ń yí oòrùn ká. Mi ò lè lò ó fún oníbàárà.

Nígbà tí àpótí rédíò oníwáyà dé Ìbàdàn ní 1939, ó ń sọ̀rọ̀, ẹ dá a lóhùn, kò gbọ́. Wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín ní 1959, ó mú ohùn wá, ó mú àwòrán wá, wọ́n ní amóhùnmáwòrán. Ìwà ohun náà ni wọ́n wò. Ọ̀gá mi náà, ìwà ìró ni wọ́n máa ń bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí tó báyìí nìyẹn: ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nílẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń júwe ibi tí àìsàn wà, a wá fẹ́ kó gbogbo wọn sínú àpò ariwo kan.

Ọ̀kan ló kù tí n ò rí ojútùú rẹ̀. Láti 2001 tí fóònù GSM ti dé, ẹ ti gbọ́ ọ: fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, ìpè ò tíì wọlé, sípíkà ti bẹ̀rẹ̀, "tìtì-tìtì-tìtì-dììì". Kì í kùn, kì í hó, kì í ta, kì í sì í han. Ọ̀gá mi ti kú kó tó dé, n ò mọ ohun tí wọn ì bá pè é. Màmá, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí oko Ọ̀yọ́, ǹjẹ́ kòkòrò kankan wà níbẹ̀ tó máa ń dún báyẹn, kí sì ni àwọn bàbá yín máa ń sọ pé ó ń ṣe?