ILR ti jáde, ọkọ mi sì ti di ọmọ onílùú UK: ìgbà wo ni kí n kọ̀wé béèrè tèmi?

ArẹwàBódìjà (15 oṣù Kẹsàn-án 2025)

Ẹ̀yin àgbà ilé yìí, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Oṣù Kẹsàn-án 2020 ni mo wọ UK lórí físà ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ níbí. Òun ti ṣáájú mi dé, ó ti búra lọ́dún tó kọjá, páásípọ́ọ̀tì UK sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. ILR tèmi, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé UK títí láé, jáde ní ọjọ́ 2 oṣù yìí. Mo fẹ́ kọ̀wé láti di ọmọ onílùú UK gẹ́gẹ́ bí aya ọmọ onílùú. Ara ìyá mi tí kò yá n'Ìbàdàn ló mú kí ìrìn àjò mi pọ̀:

16 oṣù Kìíní sí 6 oṣù Kejì 2023
20 oṣù Keje sí 17 oṣù Kẹjọ 2024
20 oṣù Kejìlá 2024 sí 3 oṣù Kìíní 2025
14 oṣù Kìíní sí 20 oṣù Kẹrin 2025

Ṣé dandan ni kí n dúró fọ́dún kan lẹ́yìn ILR? Ta ló yẹ kí n mú ṣe ẹlẹ́rìí? Ṣé kí n gba lọ́yà? Orúkọ bàbá mi ló ṣì wà nínú páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà mi, ti ọkọ ni mo ń jẹ́ níbi iṣẹ́.

BàbáTómíwá

Ẹ kú oríire ILR. Ẹ má dúró fọ́dún kankan. Ẹni tí kò fẹ́ ọmọ onílùú ni òfin ní kó lo oṣù méjìlá lórí ILR kó tó kọ̀wé. Ti aya tàbí ọkọ ọmọ onílùú, abala 6(2) nínú British Nationality Act 1981 ló wà fún un: ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa wò, kì í ṣe márùn-ún, ILR sì lè jáde lónìí kí ẹ kọ̀wé lọ́la. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣi ọdún mẹ́ta yìí gbọ́. Wọ́n rò pé tí wọ́n bá ti pé ọdún mẹ́ta lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ, ó parí. Rárá o. Láìsí ILR, ọdún mẹ́ta kò ṣílẹ̀kùn kankan.

Ẹ ò ní ìdánwò kankan mọ́. Life in the UK, ìdánwò nípa ìgbésí ayé níbí tí ẹ yege fún ILR, kì í kú. B1, ìpele èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín nígbà náà, òun náà lẹ máa lò, kódà bí ọjọ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bá ti kọjá. Lójú tèmi, ẹ kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí.

ÌṣiròLàgbà

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ lórí ILR, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ ná kí àǹtí tó sanwó.

Láàárín ọdún mẹ́ta, èèyàn kò gbọ́dọ̀ lò ju 270 ọjọ́ lọ lẹ́yìn odi. Láàárín oṣù méjìlá tó gbẹ̀yìn, kò gbọ́dọ̀ ju 90 lọ. Ọjọ́ tí ẹ jáde àti ọjọ́ tí ẹ padà wọlé kì í wọ ìṣirò. Odindi ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yín kò kan ilẹ̀ UK rárá ni wọ́n ń kà.

Ẹ wo èyí tó gùn jù. Ẹ yọ 14 oṣù Kìíní kúrò, ẹ yọ 20 oṣù Kẹrin kúrò. Oṣù Kìíní ku 17, Kejì jẹ́ 28, Kẹta 31, Kẹrin 19. Ó di 95. Ti ọdún Kérésì jẹ́ 13. Bí ẹ bá kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí, méjèèjì ló bọ́ sínú oṣù méjìlá tó gbẹ̀yìn: 108. Ti ọdún mẹ́ta kò ní wàhálà, 155 péré ni gbogbo rẹ̀.

Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, sábà máa ń fojú fo ohun tí kò bá ju 100 lọ nínú ọdún tó gbẹ̀yìn. Bó bá ti kọjá 100, ó di ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó bá gbé fáìlì yín. Ẹ ó wá máa fi ìwé dókítà ìyá, ìwé ilé àti ìwé iṣẹ́ yín ro ẹjọ́. Ó lè gbà, ó lè má gbà. Owó ìwé láti oṣù Kẹrin 2025 jẹ́ £1,605, ti ayẹyẹ ìbúra £130, àpapọ̀ £1,735. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, £130 nìkan ló ń padà bọ̀, kò sì sí kòtẹ́milọ́rùn. Kí lẹ ń sáré sí? Ẹ dúró di 22 oṣù Kìíní 2026. Oṣù méjìlá yín á bẹ̀rẹ̀ láti 23 oṣù Kìíní 2025: 9, 28, 31, 19. Ó di 87. Kò tó 90 mọ́.

Àdùkẹ́Leeds

Ìṣirò yín pé, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí àǹtí má kọ̀wé lọ́jọ́ 22 oṣù Kìíní o! Ẹ wo ìrìn àjò àkọ́kọ́.

Òfin kan tún wà lẹ́yìn 90 àti 270. Lọ́jọ́ tí ọdún mẹ́ta náà bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹni tó ń kọ̀wé gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ UK. Ẹni tó kọ̀wé ní 22 oṣù Kìíní 2026, ọjọ́ 23 oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n máa lọ wò. Níbo ni àǹtí wà lọ́jọ́ náà? Ìbàdàn. Ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ti ba ìwé ẹni tí gbogbo nǹkan rẹ̀ pé jẹ́, nítorí wọn kì í fojú fò ó bí wọ́n ṣe ń fojú fo ọjọ́ díẹ̀ tó lé. Àfi tí ìdí tó ṣàrà ọ̀tọ̀ bá wà.

6 oṣù Kejì 2023 ló padà dé. Kí ó kọ̀wé ní Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kejì 2026. Ọjọ́ tí wọ́n máa wò á di 10 oṣù Kejì 2023, ó ti wà nílé. Oṣù méjìlá tó gbẹ̀yìn: 19, 31, 19, ó di 69. Ọdún mẹ́ta: 27, 13, 95, ó di 135, ti 2023 ti já dànù. Kò sí ẹbẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Bí ìyá bá tún fẹ́ rí yín kó tó dìgbà náà, ọjọ́ 21 péré ló kù tí ẹ lè lò, ẹ má jẹ́ kó lé. Ọjọ́ tí ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tí ẹ sì sanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọjọ́ ìkọ̀wé, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ lọ tẹ̀ka.

Ẹ má sì gbára lé òǹtẹ̀ inú páásípọ́ọ̀tì nìkan, wọn kì í fìgbà gbogbo tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó ti ní ILR. Ẹ wá tíkẹ́ẹ̀tì inú ímeèlì yín. Èyí tí ẹ ò bá rí, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìrìn àjò yín lọ́wọ́ Home Office, ọ̀fẹ́ ni.

ArẹwàBódìjà

Áà, mi ò tilẹ̀ wo ti 2023 rárá. Ẹ ṣeun gan-an. Ti orúkọ ńkọ́?

MàmáṢadé

Ọmọ mi, orúkọ ni kí o fi oṣù tó kù ṣe. Ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tì UK kì í fẹ́ kí èèyàn jẹ́ orúkọ kan lọ́dọ̀ wọn kó jẹ́ òmíràn nínú ti Nàìjíríà. Wọ́n á ní kí o lọ tún ti Nàìjíríà ṣe ná, o ó sì ti búra tán nígbà náà, láìní ìwé tí o lè fi rìn.

Bí o bá fẹ́ máa jẹ́ orúkọ bàbá rẹ nìṣó, kò sí iṣẹ́ níbẹ̀: fi ìwé ìgbéyàwó sí i láti ṣàlàyé orúkọ ibi iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti ọkọ lo fẹ́, NIN ni kí o kọ́kọ́ yí, torí inú rẹ̀ ni páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà ti ń fa orúkọ. Lẹ́yìn náà páásípọ́ọ̀tì, ní Nigeria House, Northumberland Avenue, Lọ́ńdọ̀nù. Kí o wá wọ àkáǹtì UKVI rẹ, ibi tí eVisa rẹ (físà orí íntánẹ́ẹ̀tì) wà, kí orúkọ inú rẹ̀ bá a mu. Bí o bá fi páásípọ́ọ̀tì ṣáájú NIN, wọ́n á dá ọ padà.

Kà á ní lẹ́tà-lẹ́tà. Ṣeun níbì kan, Olúwaṣeun níbòmíràn, lójú wọn èèyàn méjì nìyẹn. Wo orúkọ ọkọ rẹ nínú ìwé ìgbéyàwó pẹ̀lú, kó bá páásípọ́ọ̀tì UK rẹ̀ mu.

KúnléApòògùn

Ẹlẹ́rìí: méjì ni. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí ìjọba kà sí ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, bíi nọ́ọ̀sì, tíṣà, apòògùn, àlùfáà, akántáǹtì. Ó lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù. Èkejì gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tì UK, kó sì jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tàbí ẹni tó ti ju ọdún 25 lọ. Kí àwọn méjèèjì ti mọ̀ yín fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n má bá yín tan, kí wọ́n má bá ara wọn tan, kí wọ́n má sì jẹ́ lọ́yà tó ń ṣe ìwé yín. Àbúrò ọkọ, ẹ má dán an wò. Ẹ jókòó tì wọ́n bí wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù, nítorí nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣì kọ àti ọjọ́ tí wọ́n gbàgbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lùwé ló ń fa ìdádúró.

Ìwà rere tún wà tí wọ́n ń wò. Bí ẹ bá ń ránṣọ tàbí ń dirun tàbí ń se oúnjẹ tà, tí owó tó wọlé ju £1,000 lọ lọ́dún owó orí, HMRC, àwọn agbowó orí UK, gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ san gbèsè council tax, owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà. Ẹjọ́ ọkọ̀ tó bá dé kóòtù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tí ẹ sọ lè ré kọjá. Èyí tí ẹ fi pamọ́ di irọ́, irọ́ sì lè ti ilẹ̀kùn yìí fún ọdún mẹ́wàá.

Lọ́yà kò pọn dandan fún irú ọ̀rọ̀ yín. Ẹni yòówù tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín tí kì í ṣe lọ́yà tòótọ́, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Immigration Advice Authority, àjọ tó ń fún irú wọn ní àṣẹ.

Àdùkẹ́Leeds

Mo gbàgbé ti ẹ̀yìn ìbúra. Ìdáhùn sábà máa ń dé láàárín oṣù mẹ́fà. Bí lẹ́tà bá dé, oṣù mẹ́ta ni ẹ ní láti fi lọ búra. Ọjọ́ tí ẹ bá búra ni ILR yín kú, eVisa kò sì ní mú yín padà wọlé mọ́. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn sáàárín ìbúra àti páásípọ́ọ̀tì UK. Bí ẹ bá gbọ́ pé ara ìyá tún ń ṣe é lásìkò náà, ẹ lọ rí i ná, kí ẹ wá padà wá búra kí oṣù mẹ́ta náà tó pé.

Ti Nàìjíríà kò lọ o. Abala 28 nínú ìwé òfin 1999 kò gbà á lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bí sí i.