Ìdẹ Ìhà Ayaba, kì í ṣe Ìrúbọ Ayaba

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí "Ìrúbọ Ayaba" tí ẹnì kan dá lábàá bí orúkọ Yorùbá fún Queen's Gambit, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré ṣẹ́ẹ̀sì. N kò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pátákó, níbi tí a ti ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà pe ojú ilé kọ̀ọ̀kan. Funfun á sún ọmọ ogun iwájú ayaba sí d4, dúdú á sún tirẹ̀ sí d5. Funfun á wá sún òmíràn sí c4, níbi tí ọmọ ogun dúdú ti lè jẹ ẹ́. Ayaba kò tíì kúrò lójú kan. Ta ni wọ́n wá fi rúbọ?

Ohun tí a bá sì fi rúbọ ti lọ nìyẹn. Ti c4 kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní dúdú jẹ ẹ́, funfun sún e3, dúdú wá fi b5 ṣọ́ èrè rẹ̀. Funfun á fi a4 dá a lóhùn. Bí dúdú bá fi c6 ti b5 lẹ́yìn, tí wọ́n jẹ ara wọn níbẹ̀ tán, ayaba funfun á bọ́ sí f3, á dojú kọ ilé ìṣọ́ tó wà ní a8, dúdú á sì pàdánù ẹṣin tàbí bíṣọ́ọ̀bù kan, ó kéré tán. Ìdẹ nìyẹn, bí èyí tí apẹja ń fi sẹ́nu ìwọ̀.

Ìrúbọ ayaba gan-an wà lọ́tọ̀. Lọ́dún 1956, ní New York, Bobby Fischer, ọmọ ọdún 13, fi ayaba rẹ̀ sílẹ̀ kí Donald Byrne jẹ ẹ́, ó sì borí. Bí a bá ti gbé orúkọ náà fún c4, kí la ó pe ti Fischer?

Ẹlòmíràn ní ká padà sí ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, gambit: gambetto ti èdè Ítálì, fífi ẹsẹ̀ kọ́ ẹni tí a ń bá jìjàkadì. Òótọ́ ni, àlàyé náà sì dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ta ló ń ta ayò yìí lónìí tó ń ro ìjàkadì? "Ìdẹ" bá ẹnu wa mu: jíjẹ la ń jẹ ọmọ ayò, jíjẹ náà ni ẹja ń jẹ ìdẹ. Èyí tí dúdú gbà á di "Ìdẹ Ìhà Ayaba Jíjẹ", èyí tí kò gbà á di "Ìdẹ Ìhà Ayaba Kíkọ̀". Kíkọ̀ yìí ni Capablanca àti Alekhine ta nínú 32 lára eré 34 tí wọ́n fi du ipò olúborí àgbáyé ní Buenos Aires lọ́dún 1927.

Mo fi "ìhà" sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ayaba ni ìdẹ. King's Gambit náà á wá jẹ́ "Ìdẹ Ìhà Ọba".