Ohun tí kò jẹ́ kí owó ilé wa fò sókè

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bi mí léèrè nípa ilé tí a jọ ni, tí mò ń gbé, ló rò pé kíkọ́ rẹ̀ ló le jù. Lójú tèmi, èyí tó le jù ni kí owó ilé má fò sókè lẹ́yìn tí gbogbo wa ti kó wọlé tán. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ló ni ilẹ̀ àti ilé. Ìpín ni oníkálukú ní, owó tí a sì ń dá lóṣooṣù ni a fi ń san gbèsè báńkì, tí a fi ń tún ilé ṣe, tí ìyókù ń wọ àpò ìpamọ́.

Ìpàdé kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ìdílé kan fẹ́ kó lọ, ilẹ̀ àdúgbò sì ti wọ́n gan-an, ni baálé ilé náà bá dìde, ó ní kí a san ìpín òun ní iye ọjà. Akápò wa, ọmọbìnrin tí baálé ilé náà fi ọjọ́ orí jù lọ dáadáa, kò bá a jiyàn. Ó ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́, ó ka ibi tí a kọ ọ́ sí pé bí owó iṣẹ́ àwọn ará àdúgbò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpín yóò ṣe máa pọ̀ sí i, kì í ṣe bí ilẹ̀ bá ṣe ń wọ́n. Ó wá gbójú sókè, ó ní: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà kò fi iye ọjà wọlé." Inú ọkùnrin náà kò dùn, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí iye ọjà ló ń dúró dè é níbi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀ ló rí ilé náà gbà lẹ́yìn rẹ̀.

Irú òfin yìí náà ló wà ní LILAC, ẹgbẹ́ onílé àjọni kan ní ìlú Leeds ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti fi pákó àti pòròpórò gbígbẹ ṣe ògiri ilé 20, tí wọ́n sì fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìdílé díwọ̀n ohun tí yóò san. Ní Uruguay, orílẹ̀-èdè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ọdún 1968 ti fẹsẹ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, wákàtí 21 ni ìdílé kọ̀ọ̀kan máa ń fi ṣiṣẹ́ ìkọ́lé lọ́sẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ ara wọn kọ́lé. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀, nítorí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ to búlọ́ọ̀kù mọ ibi tí omi lè gbà wọlé.

Gbèsè ni kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ra fún. New Communities, ẹgbẹ́ onílẹ̀ àjọni kan tí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ dá sílẹ̀ ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1969, ní ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000 éékà. Ọ̀dá dá, wọn kò rí owó ìrànwọ́ pàjáwìrì gbà lásìkò, gbèsè sì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1985. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń dìbò pé kí a má fọwọ́ kan àpò ìpamọ́ wa, kódà nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a dín owó oṣooṣù kù.