Velcro (téèpù aláṣọ méjì tó ń lẹ̀ mọ́ra) tàbí bọ́tìnnì alátẹ̀ fún ṣòkòtò ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí?

Ẹ̀yin télọ̀ àti nọ́ọ̀sì, ẹ gbà wá o. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oríkèé ìbàdí ìyá wa, Ògbómọ̀ṣọ́ la wà. Wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ìró ń tú, etí rẹ̀ ń há sí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Rọ́bà yẹ̀rì ń ha ojú abẹ. A rán ṣòkòtò àńkárá tó fẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí là ń kọ́kọ́ wọ̀, òun là ń bọ́ kẹ́yìn, síbẹ̀ okùn ìdí rẹ̀ ń gba orí ojú abẹ kọjá.

Télọ̀ wa fẹ́ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìdí dé orúnkún, kó fi Velcro dè é. Àmọ́ Velcro a máa gún ara, òwú a sì máa dì mọ́ ọn. Ṣé bọ́tìnnì alátẹ̀ ló sàn jù? Ínǹṣì mélòó ni kó fi sáàárín ọ̀kan sí èkejì?