Ìmọ̀ràn: Ta ló lè tọ́jú ẹ̀yìn ìyá mi láìdẹ́rù bà wọ́n?

Ọmọ_Àlàájà_Ọjẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń dun ìyá mi. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, aṣọ òkè ni wọ́n ń tà. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n ya X-ray. Dókítà gbé fíìmù sójú iná, ó ní: "Ẹ wo egungun yìí, ó ti jẹ tán. Egungun ẹni 90 ọdún nìyí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́, ẹ má gbé ẹrù mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí kẹ̀kẹ́ arọ lẹ máa bá ara yín."

Lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn wọlé. Láti ìgbà náà, orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ mú bàtà mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọ́n á di etí àga mú, wọ́n á sé èémí, wọ́n á ní "egungun tó ti jẹ". Wọ́n ń lo oògùn, àmọ́ wọ́n ní kí ni oògùn fẹ́ fi egungun tó ti jẹ ṣe?

Ta ni kí a gbé wọn lọ bá ní Ìbàdàn tàbí nítòsí, tó mọ iṣẹ́, tó sì mọ ọ̀rọ̀ bá àgbàlagbà sọ? Kí sì ni kí àwa ọmọ máa sọ nílé?

Nọ́ọ̀sì_Ṣadé
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá wa kí Àlàájà. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ibì kankan, ẹ dá mi lóhùn ná. Ṣé wọ́n ń tọ̀ dáadáa, àbí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára wọn láìmọ̀? Ṣé ìdí àti àárín itan wọn kú, tí wọn ò mọ̀ ọ́n lára? Ṣé ẹsẹ̀ kan ń rọ sí i? Ibà ńkọ́? Ṣé wọ́n ń rù láìnídìí, tàbí wọ́n ti ní jẹjẹrẹ tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ rí? Ṣé wọ́n ṣubú? Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni. Ti ìtọ̀ àti ara kíkú yẹn kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Ọmọ_Àlàájà_Ọjẹ́
Ẹ ṣé mà. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn. Wọ́n ń jẹun, ara wọn kò gbóná, ẹsẹ̀ wọn lágbára. Ẹ̀rù ló gba ilé kan.

Físíò_Ọ̀ṣun
A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Iṣẹ́ físíò (physiotherapy), tí a fi ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti egungun, ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń dùn mí, torí irú Àlàájà kì í wọ́n lọ́dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa fíìmù yẹn. Àwọn olùwádìí kan kó ìwádìí 33 jọ, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Àwọn 3,110 tí wọ́n fi CT tàbí MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ ẹ̀yìn wọn wò nínú ìwádìí wọ̀nyẹn, kò sí èyí tí ẹ̀yìn ń dùn nínú wọn. Síbẹ̀, láàárín àwọn ọmọ 20 ọdún, 37 nínú 100 ni tìmùtìmù àárín egungun wọn ti ń gbẹ. Láàárín àwọn ẹni 80 ọdún, ó ti di 96. Ohun tí dókítà rí lára Àlàájà, ó wà lára ọ̀pọ̀ ìyá tó ń gbé ẹrù lọ́jà lónìí. Èmi máa ń bi àwọn ìyá pé: "Mà, irun yín ti funfun, ṣé ó ń dùn yín? Egungun ẹ̀yìn náà ń hu ewú tirẹ̀ ni."

Ìyẹn ò sọ ìrora wọn di irọ́ o. Ìrora wà. Àmọ́ bí wọ́n bá ti sọ fún ènìyàn pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní pẹ́ dà wó, iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ á ti le gbagidi kó tó ṣísẹ̀. Á máa ṣọ́ ara rẹ̀, gbogbo ìta díẹ̀ ni yóò máa kà sí àmì burúkú. Bó ṣe ń sá fún bíbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ń rọ. Lọ́jọ́ tó bá wá bẹ̀rẹ̀, á dùn ún lóòótọ́, á ní "dókítà kúkú sọ ọ́".

Ní ti ibi tí ẹ máa lọ, ẹ̀ka físíò ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Íbàdàn, ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Nínú àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ti Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn físíò, ní 1966. Bí Ifẹ̀ bá sún mọ́ yín jù, OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, náà ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé ìwòsàn nìkan kò tó, ẹni tó máa fọwọ́ kàn wọ́n ni kí ẹ wò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé ó béèrè ohun tí Àlàájà fẹ́ padà máa ṣe? Ṣé ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lójú òun? Èyí tó bá kàn gbé nǹkan gbígbóná lé wọn lẹ́yìn, tó ní kí wọ́n máa bọ̀ títí ayé, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ má sáré ra bẹ́líìtì ẹ̀yìn o. Ìlànà tí WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023 lórí ẹ̀yìn tó ti ń dunni pẹ́ kò fara mọ́ bẹ́líìtì, kò sì fara mọ́ àwọn oògùn líle tí tramadol wà lára wọn. Ìlàlóye àti eré ìdárayá wà lára ohun tó ní kí a fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì yẹn gan-an ń sọ̀rọ̀: lójoojúmọ́ ló ń sọ fún ẹni tó dè é pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè dá dúró.

Alágbà_Kọ́lá
Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ọmọ. Ọ̀rọ̀ kì í wo egungun. Bí dókítà bá rí nǹkan, kó sọ ọ́. Kí a máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tan àgbàlagbà, èmi ò pe ìyẹn ní ìwòsàn.

Ọmọ_Èkìtì_Leeds
Ẹ kú àgbà, sà. Mo gbà pé a kò gbọdọ̀ tan ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ti dán wò.

Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010, 140 aboyún ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gún wọn ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ẹ̀yìn wọn kú kí wọ́n tó fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ìrora ìrọbí tàbí ti iṣẹ́ abẹ pọ̀. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ojú ibẹ̀ máa kú, ara sì máa tù wọ́n. Wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé yóò dà bíi kí oyin ńlá ta wọ́n, pé ibẹ̀ ló le jù. Abẹ́rẹ́ kan náà ni. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n fi 0 sí 10 díwọ̀n ìrora, 3 ni ti àwọn àkọ́kọ́, 5 ni ti àwọn tí wọ́n dárúkọ oyin fún.

Ní ti ẹ̀tàn, sà, ẹ wo èyí tí wọ́n ṣe ní Lisbon, tó jáde ní 2016. Àwọn tí ẹ̀yìn ti ń dùn pẹ́ ni. Wọ́n fún wọn ní kápúsù tí kò ní oògùn kankan, wọ́n sì sọ ọ́ fún wọn gbangba. Wọ́n ṣàlàyé bí ara ṣe lè dáhùn síbẹ̀, wọn ò sì gba oògùn tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrora wọn dín ní bíi ìdá 30 nínú 100. Ti àwọn tí ìtọ́jú wọn kò yí padà dín ní 9. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ tún egungun ṣe. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé dókítà tó wà níbi fíìmù yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kó tó kọ oògùn, èyí tó fún Àlàájà kò sì dára. Ní New Zealand, wọ́n fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 23 tí ẹ̀yìn ń dùn lẹ́nu wò, èsì rẹ̀ jáde ní 2013. Ọ̀rọ̀ oníṣègùn máa ń pẹ́ lọ́kàn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbáà ṣe èyí tó dẹ́rù bà wọ́n tàbí èyí tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Alágbà_Kọ́lá
Ọmọ mi, o ṣé. Ti oyin yẹn wọ̀ mí létí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ìyàwó mi lọ síbì kan, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀dọ́mọdé dókítà náà ní "kò sí nǹkan kan, mama". Ó sunkún dé ilé, ó ní wọ́n pe òun ní òpùrọ́. Kò padà lọ mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń sá fún ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bani, ẹ má lọ bọ́ sí ti pé "kò sí nǹkan kan".

Físíò_Ọ̀ṣun
Òdodo ọ̀rọ̀ ni, sà. "Mo gbà pé ó ń dùn yín" ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ẹ̀.

Ọmọ Àlàájà, ẹ bi wá nípa tilé. Ibẹ̀ ló le jù, torí àwa Yorùbá, ọmọ tó dáa kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé nǹkan. Tí Àlàájà bá na ọwọ́ sí ike omi, gbogbo ilé á pariwo: "Háà, Màmá, ẹ fi í sílẹ̀!" Ìfẹ́ ni, ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n létí wọn, ọ̀rọ̀ dókítà yẹn lẹ tún sọ. Ẹ bá wọn gbé e, ẹ má gbà á. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, ẹ má wò wọ́n tìyanu-tìyanu. Bí ó bá ta wọ́n, ẹ ní: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, iṣan tó ti sinmi pẹ́ ló ń jí." Kí wọ́n fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àga, kí wọ́n má tíì sáré ṣe rúkúù, ìtẹ̀ba inú ìrun.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá
Ẹ má gbàgbé àwọn tó ń fọwọ́ wọ́ ẹ̀yìn ládùúgbò o. Ọwọ́ wọn lè tu ara, àmọ́ àwọn kan á ní "egungun yín ti yẹ̀, òun nìkan lòun lè dá a padà". Ìdẹ́rùbani kan náà ni. Tí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà èyíkéyìí, ẹ bi í pé: "Kí ni Màmá lè máa ṣe láti òní lọ?" Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ohun tó bàjẹ́ nìkan ló máa kà sílẹ̀.

Ọmọ_Àlàájà_Ọjẹ́
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa gbọ́ tiyín. UCH la máa gbé wọn lọ. Mo bi wọ́n lálẹ́ yìí ohun tí wọ́n fẹ́ padà máa ṣe. Wọ́n ní àwọn fẹ́ forí kanlẹ̀ kírun, kí àwọn sì máa ká aṣọ fún oníbàárà láìpe ọmọ. Ṣé kí n mú fíìmù yẹn dání, àbí kí n fi pamọ́?

Físíò_Ọ̀ṣun
Ẹ mú un dání. Ẹ sọ ti ìrun àti aṣọ kíká yẹn fún físíò kó tó fọwọ́ kàn wọ́n, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀. Kí Àlàájà fẹnu ara wọn sọ ohun tí dókítà yẹn sọ fún wọn, gbólóhùn náà gan-an, kí físíò bá wọn wo fíìmù náà ní ojúkojú. Bí ẹ bá fi pamọ́, wọ́n á rò pé ohun tó wà níbẹ̀ burú ju èyí tí wọ́n ti gbọ́ lọ.