Ariwo tó ń bo ohùn rédíò SW mọ́lẹ̀ nínú ilé mi ní Ìkòròdú: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ Ìgbògbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ rédíò ìgbì kúkúrú, èyí tí wọ́n máa ń kọ SW sí lára rédíò. Bàbá mi ló fi mọ̀ mí, nítorí pé nílé wa, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pariwo títí tí ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù yóò fi parí. Títí di òní, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àárín 5900 sí 6200 kHz ni mo máa ń wá kiri, níbi tí a mọ̀ sí mítà 49.

Ó tó nǹkan bí ọdún kan báyìí tí ariwo kan ti gba gbogbo ibẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ariwo àrá. Ìkùn ni, bí ìgbà tí a dé oyin mọ́ inú kèrègbè, kì í sì í dáwọ́ dúró. Ọdún yẹn náà ni a pààrọ̀ gbogbo gílóòbù ilé sí LED, tí a sì gbé sólà àti inverter wọlé. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ariwo náà máa ń dínkù, ṣùgbọ́n kì í tán. Aládùúgbò mi kan sọ pé ibùdó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ VON (Voice of Nigeria, rédíò ìjọba àpapọ̀ tó ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀) tó wà ní Ìkòròdú wa níbí ló ń fà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó náwó lé rédíò tuntun.

Ará Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú alẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra rédíò kankan. Orí ìgbì kan náà ni ariwo yín àti ohùn tí ẹ ń wá jọ wà, nítorí náà rédíò tó mú jù èyí lọ yóò kàn gbé méjèèjì wọlé pọ̀ ni. Ní ti VON, bí agbára wọn bá ń bo rédíò yín, ọ̀rọ̀ tàbí orin wọn ni ẹ ó máa gbọ́ níbi tí kò yẹ kó ti jáde, kì í ṣe ìkùn tó ń lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Inú ilé yín ni ẹ ti máa rí i.

Ẹ ki bátìrì sínú rédíò, ẹ yí i sí orí ìgbì tí ilé iṣẹ́ rédíò kankan kò sí, kí ẹ sì pa súwìṣì ńlá ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa inverter pẹ̀lú, torí òun ló ń bá iṣẹ́ lọ nígbà tí iná bá lọ, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí ariwo náà kì í fi í tán. Bí gbogbo ilé bá ti dákẹ́, ẹ máa tan nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan sì máa kọ ohun tó bá mú ariwo wá sílẹ̀. Nígbà tí èmi ṣe é, tẹlifíṣọ̀n ni mo ń fura sí, àṣé ṣájà fóònù kan ni, tí kò sí fóònù lẹ́nu rẹ̀ rárá, tí àwọn ọmọ gbàgbé sára sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn àga. Àwọn ṣájà fífúyẹ́ ìsinsìnyí máa ń ta iná pa, wọ́n á tún tàn án, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló sì ń bí ariwo. Gílóòbù LED tí wọn kò fi nǹkan tó ń sẹ́ ariwo sí nínú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún lè máa yí rédíò kiri títí ariwo yóò fi dínkù.

Oníṣẹ́ Rédíò, Àgbádárìgì

Mo fara mọ́ ohun tí Ará Ẹ̀pẹ́ sọ, àyàfi ti yíyí rédíò kiri. Lórí MW (ìgbì alábọ́dé) ni ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí ọ̀pá dúdú tó wà nínú rédíò ló ń gbà á. Ọ̀pá gígùn tí à ń fà síta ni SW ń lò nínú ọ̀pọ̀ rédíò àfọwọ́gbé, kò sì bìkítà púpọ̀ nípa ìhà tí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí.

Bàbá, sólà yín ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ṣé ariwo náà pọ̀ lọ́sàn-án ju òru lọ? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, charge controller, ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà wọ inú bátìrì, ni mo fura sí, nítorí pé bí oòrùn bá wọ̀, kò sí ohun tó ń ṣe mọ́. Wáyà méjì tó ti orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀ wá di áńtẹ́nà fún ariwo rẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá fàyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí oníná yín lọ́ àwọn wáyà náà mọ́ ara wọn, kí ó sì ki méjèèjì pọ̀ gba inú òrùka ferrite kan náà, ìyẹn òrùka dúdú tó ń dènà ariwo lára wáyà. Irú ferrite tí wọ́n pè ní 31 ló dára jù fún ìgbì tí ẹ ń gbọ́. Ní ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ṣájà, ẹ yí i gba inú òrùka náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ìyípo bá di ìlọ́po méjì, agbára ìdènà rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin.

Ohun tó kù ni kí ẹ mú áńtẹ́nà jìnnà sí ilé. Wáyà mítà mẹ́wàá láti ara igi lẹ́yìn ilé tó, tí ẹ bá fi wáyà éríà tẹlifíṣọ̀n gbé e wọlé, tí ẹ sì so àwọ̀n irin tó wà lábẹ́ rọ́bà wáyà yẹn mọ́ irin tí ẹ kàn mọ́lẹ̀ ní ìta. Ẹ má ṣe mú un sún mọ́ wáyà iná òpópónà rárá, kí ẹ sì yọ ọ́ lára rédíò bí òjò bá ń ṣú.

Olùkọ́ Ìgbògbò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ṣe é lọ́jọ́ Sátidé. Gílóòbù mẹ́ta nínú mọ́kànlá ló ń pariwo, mo sì ti pààrọ̀ wọn. Charge controller náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀sán ló sì burú jù. A ti lọ́ àwọn wáyà rẹ̀, mo sì ra òrùka méjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń tú kọ̀ǹpútà àtijọ́ palẹ̀ ní Sábó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí nọ́ńbà kankan lára wọn. Lálẹ́ àná, mo gbọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́rin tí n kò gbọ́ láti ìgbà Àjíǹde èṣí. Ó ku ohun kan: nǹkan kan ń ṣe ta-ta-ta bí aládùúgbò mi bá tan jẹnẹrétọ̀.

Oníṣẹ́ Rédíò, Àgbádárìgì

Iná tó ń ṣẹ́ lẹ́nu púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi púlọ́ọ̀gì tí wọ́n kọ lẹ́tà R sí nọ́ńbà rẹ̀ (ìyẹn èyí tó ní ohun tó ń dín ariwo kù nínú) pààrọ̀ èyí tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì gbé áńtẹ́nà yín sí ìhà kejì ilé.