Lẹ́yìn ìpàdé mẹ̀rí, ìyàwó ilé wa sá wọlé tọ̀ mí wá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà, gàrí ni mò ń tà. Ọjọ́ ọjà tó kọjá, àwọn ará mẹ̀rí, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú wa, gbé gbohùngbohùn wá. Obìnrin kan nínú wọn fi èdè wa sọ fún wa pé láti oṣù kìíní ọdún 2012 ni òfin ti wà lórí ọkùnrin tó ń lu aya rẹ̀. Wọ́n bèèrè ta ni yóò bá wọn sọ ọ́ kiri agbo ilé. Mo nawọ́, wọ́n kọ orúkọ mi níṣojú gbogbo ọjà.

Lóru ọjọ́ kẹta, ìyàwó kékeré kan nílé wa kan ilẹ̀kùn mi. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ojú òsì rẹ̀ ti wú dí. Ó ní, “Ìyá, ẹ má gbé mi lọ sọ́dọ̀ pólíìsì. Ẹ ṣáà bá mi bá a sọ̀rọ̀.” Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti padà nítorí ọmọ méjì tó fi sílẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ọkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, ìyàálé mi, ti ránṣẹ́ bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ ti ọmọ òun mọ́lé. Mo mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọ yẹn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Pọ́bẹ̀: Ìyá mi, ẹ má ṣe dá ọkọ náà bá sọ̀rọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àbúrò mi. Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó bẹ̀bẹ̀. Bí mo ṣe kúrò níbẹ̀, ó nà án pé ó tú àṣírí ilé. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn kí wíwú ojú yẹn tó lọ sílẹ̀, kí dókítà kọ ìwé fún un. Bí kò bá lò ó láéláé, kò burú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá fẹ́ lò ó, ara ti san, kí ni yóò fi hàn? Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé náà o, kó má wà nílé rẹ̀.

Bàbá Tíṣà: Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn àgbà ilé. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.

Oníbèéèrè: Bàbá, wọ́n ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀méjèèjì, ìyàwó ni wọ́n ní kó kúnlẹ̀ bẹ ọkọ.

Bàbá Tíṣà: Háà. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

Ọmọ Ṣàbẹ́: CPS àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní GUPS báyìí, ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran ará ìlú lọ́wọ́ ni. Ẹ̀ka rẹ̀ wà káàkiri kọ̀múùnù, ìjọba ìbílẹ̀ wa. Òṣìṣẹ́ àwùjọ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe pólíìsì. Wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná. Bó bá fẹ́ pe ẹjọ́ lọ́la, Institut National de la Femme, àjọ ọ̀rọ̀ obìnrin tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2021, lè dúró tì í ní kóòtù. Òfin mìíràn tún jáde lóṣù Kejìlá ọdún yẹn láti dáàbò bo obìnrin. Ẹ má pinnu fún un. Ẹ ṣáà jẹ́ kó fi ìwé ìbí àwọn ọmọ àti aṣọ díẹ̀ pa mọ́ sọ́dọ̀ yín.

Ọmọ Alákétu: Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará mẹ̀rí pé gbohùngbohùn nìkan kò tó. Àwọn ìyá la ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ júbà nílùú yìí. Kí wọ́n bá àwọn Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ìyà tí obìnrin ń jẹ sórin lóru. Orin tí wọ́n bá fi bá èèyàn wí níwájú gbogbo ìlú, ó ń dùn ún ju ìwàásù ọjà lọ. Kí wọ́n sì sọ ibi tí obìnrin yóò lọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ wọn là lẹ́nu yẹn, ilé ìyá yìí nìkan ló rí sá sí.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. A lọ láàárọ̀ yìí. Ó sọ nílé pé òun ń lọ ra ọṣẹ. Ìwé dókítà ti wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Kò tíì fẹ́ gbọ́ orúkọ pólíìsì, ṣùgbọ́n ó gbà kí a jọ lọ rí òṣìṣẹ́ àwùjọ náà lọ́jọ́ Ajé. Ìyàálé mi kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, kó má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn, kó ti í wọlé.